Ẹgbẹ́ àwọn tó ń jáwọ́ nínú ọtí: bí ẹ ṣe lè rí i láti Àkúrẹ́, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ gan-an

Ẹ sọ fún èèyàn ní Àkúrẹ́ níbí pé ẹgbẹ́ kan wà tí àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí ti máa ń pàdé, ẹ máa rí bí ojú ẹ̀ ṣe máa yí. Àwọn kan á rò pé àdúrà ìdáǹdè ni, pé wọ́n á gbé ọwọ́ lé èèyàn lórí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwọn kan á ní hẹn, ọsibítù wèrè ni, wọ́n fẹ́ lọ tì mí mọ́lé. Àwọn tó kù á ní owó ni wọ́n ń wá, ta ló máa ran ọlọ́tí lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nílùú yìí. Kò sí ìkankan tó jẹ́ òótọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ mi ò bá ẹnikẹ́ni wí, torí kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé ẹ̀ fún wa rí. Ohun tí a mọ̀ ni bàá, gárééjì, àwọn tó ń ta paraga, àti òde ìnáwó tí ọtí kì í tán níbẹ̀, ibi téèyàn ń lọ tí ọtí bá wá di wàhálà sí i lára ni a ò mọ̀. Ẹni tó ti rẹ̀, tó ti fẹ́ jáwọ́ nínú ọkàn ẹ̀, á kàn jókòó sílé torí kò mọ ilẹ̀kùn tó máa kàn. Ìyẹn ló ń dùn mí tí mo fi ní kí n kọ eléyìí.

Ẹgbẹ́ tí mò ń sọ yìí, àwọn tí ọtí ti fìyà jẹ ló wà níbẹ̀, àwọn náà ló sì ń darí ẹ̀. Kò sí dókítà tó jókòó níwájú, kò sí pásítọ̀, kò sí ọ̀gá. Wọ́n á pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún wákàtí kan tàbí wákàtí kan ààbọ̀, ẹnì kan á sọ bó ṣe ń mu tẹ́lẹ̀, ohun tójú ẹ̀ rí, àti bó ṣe wà báyìí, àwọn yòókù á máa gbọ́, wọn ò ní já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀, tó bá ṣe tán ẹlòmíì á sọ tiẹ̀. Ó tán. Ẹ lè ní ṣé ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní ìrànlọ́wọ́? Bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn gan-an ni. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ti jí láàárọ̀ rí tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, tó ní láti kọ́kọ́ mu díẹ̀ kó tó lè de bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì, tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wò yín lójú tó ní òun ò fẹnu kan ọtí láti ọdún mélòó kan, ọ̀rọ̀ ẹ̀ á wọ̀ yín lára ju ti gbogbo ẹbí tó ń bẹ̀ yín lọ, torí ẹ mọ̀ pé kò sọ ohun tí kò mọ̀.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Alcoholics Anonymous, AA ni gbogbo èèyàn ń pè é. Mo fẹ́ sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, torí ó máa jẹ́ kí ìyókù yé yín. Ní 1935, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bill, ará New York tó ń ṣòwò ìpín nínú ilé iṣẹ́, wá sí ìlú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio l'Amẹ́ríkà. Ó ti tó oṣù bíi márùn-ún tí kò ti mutí, àmọ́ òwò tó bá wá síbẹ̀ dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, ló bá dúró nínú hòtẹ́ẹ̀lì lóun nìkan, ó ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn tó wà ní bàá, ó sì mọ̀ pé tóun bá fẹsẹ̀ kan wọ ibẹ̀ ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ló bá lọ sídìí tẹlifóònù, ó ń pe àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní òun ń wá ọ̀mùtí kan tóun lè bá sọ̀rọ̀. Wọ́n bá a wá dókítà kan, Bob lorúkọ ẹ̀, oníṣẹ́ abẹ ni, ọtí ti fẹ́ẹ̀ ba iṣẹ́ àti ilé ẹ̀ jẹ́. Bob ní ìṣẹ́jú 15 péré lòun máa fún un, wọ́n wá sọ̀rọ̀ kọjá wákàtí mẹ́fà. Ẹ kíyè sí i: Bill ò wá wàásù fún Bob o. Òun fúnra ẹ̀ ló nílò ẹni tóun á bá sọ̀rọ̀ kóun má baà mu lọ́jọ́ yẹn. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, pé tí ọlọ́tí kan bá ń ran ọlọ́tí míì lọ́wọ́, ara àwọn méjèèjì ni yóò yá. Ọjọ́ 10 oṣù kẹfà 1935 ni Bob mutí kẹ́yìn, ọjọ́ yẹn ni AA ń kà sí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ wọn. Lónìí wọ́n wà ní orílẹ̀-èdè bíi 180, Nàìjíríà wà níbẹ̀.

Ẹni tó lè wọ AA kò ju ẹni tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí lọ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka ìyẹn dáadáa: ẹni tó FẸ́ jáwọ́ ni mo kọ, mi ò kọ ẹni tó TI jáwọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé kí n kọ́kọ́ dín in kù ná, tó bá di oṣù tó ń bọ̀ màá lọ, bí ẹni pé èèyàn ní láti fọ ara kó tó wẹ̀. Bí ẹ bá tiẹ̀ mu lọ́jọ́ náà, ẹ lọ, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọn kì í gba owó ìwọlé, wọn kì í gba owó oṣù, wọ́n máa ń gbé nǹkan kọjá kí àwọn tó wà níbẹ̀ fi ohun tí wọ́n bá ní síbẹ̀ fún owó yàrá àti tíì, ẹni tuntun ò sì ní láti fi kọ́bọ̀ sí i. Àwọn tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ tiẹ̀ ń fẹ́ fún wọn lówó, wọn kì í gbà. Kò sí fọ́ọ̀mù, wọn ò béèrè ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, orúkọ àkọ́kọ́ yín ti tó, tí ẹ bá sì fẹ́ fi orúkọ míì pe ara yín kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ yín wò.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí, mo mọ̀ pé òun ló ń bani lẹ́rù jù. Àkúrẹ́ ò tóbi, ẹni tí ẹ kí ní Ọjà Ọba láàárọ̀ lẹ lè bá ní Alágbàká lọ́sàn-án, tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ni yín tàbí tíṣà tàbí alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rù á bà yín pé ọ̀la ni gbogbo àdúgbò á gbọ́. Ìdáhùn mi ni pé ẹni tó bá rí yín níbẹ̀, kí lòun náà wá ṣe níbẹ̀? Gbogbo wọn ló ní nǹkan tí wọ́n ń fi pamọ́, òfin tí wọ́n sì mú lágbára jù ni pé ẹni tí ẹ bá rí níbí àti ohun tí ẹ bá gbọ́ níbí, ibí ni kó dúró. Ṣé mo lè búra fún yín pé kò sẹ́ni tó máa tú àṣírí láyé? Rárá, èèyàn ni wọ́n. Tí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí fóònù, tàbí kí ẹ lọ sí ìlú míì tí wọn ò ti mọ̀ yín, ìyẹn náà dáa.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wá ńkọ́. Ìgbésẹ̀ 12 ni AA ní, àkọ́kọ́ ni kí èèyàn gbà pé agbára òun ò ká ọtí mọ́, Ọlọ́run sì wà nínú àwọn ìgbésẹ̀ náà, àmọ́ wọ́n kọ ọ́ pé Ọlọ́run bí oníkálukú ṣe mọ̀ ọ́n. Mùsùlùmí ń lọ, Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ń lọ, ẹni tí kò ṣe ìkankan nínú méjèèjì ń lọ, àdúrà kúkúrú sì máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ mítìn. Ẹni tó fẹ́ kí ó jẹ́ ti Kìrìsìtẹ́ẹ́nì pátápátá lè wá Celebrate Recovery, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹni tí kò fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nínú ẹ̀ rárá lè wá SMART Recovery, àwọn yẹn ń kọ́ èèyàn bó ṣe máa ṣàkóso èrò ọkàn ẹ̀ nígbà tí òùngbẹ ọtí bá dé, wọ́n sì ní mítìn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ní 2020, àjọ Cochrane tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ yẹ ìwádìí 27 wò, àwọn èèyàn inú ẹ̀ lé ní 10,000, wọ́n rí i pé AA àti ìtọ́jú tó ń darí èèyàn lọ síbẹ̀ ò kéré sí àwọn ìtọ́jú tó kù, tó bá sì di ọ̀rọ̀ ká má fẹnu kan ọtí rárá, ó sábà máa ń jù wọ́n lọ. Èmi ò ní pe ìyẹn ní idán, àwọn kan lọ tí kò bá wọn lára mu, àmọ́ kì í ṣe ohun téèyàn á fojú tín-ín-rín.

Ó wá kan ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró kà dáadáa, torí ó lè pa èèyàn. Tó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ lẹ ń mu, tó jẹ́ pé láàárọ̀ kùtù lẹ ti ń mu kí ara má baà gbọ̀n, Ẹ MÁ ṢE JÁWỌ́ LÓJIJÌ FÚNRA YÍN. Ọpọlọ tó ti mọ́ lára pé ọtí ń bẹ lójoojúmọ́, tí ẹ bá já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á fò sókè. Láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ méjì, ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á máa bọ̀, àyà á máa lù kìkì, gìrì lè mú èèyàn. Tó bá di bí ọjọ́ kejì sí ìkẹta, àwọn míì á bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí ẹlòmíì ò rí, wọn ò ní mọ ibi tí wọ́n wà, ara wọn á gbóná, èyí ló ń pa èèyàn tí wọn ò bá tètè tọ́jú ẹ̀. Nílé wa, wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é, tàbí pé ọtí ti yí i lórí, wọ́n á gbé e lọ sílé àdúrà, nígbà tó jẹ́ pé ọsibítù ló yẹ kí wọ́n sáré gbé e lọ. Dókítà ní oògùn tó máa ń jẹ́ kí ara rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì máa ń fún èèyàn ní fítámì B1 torí ọtí ti fà á gbẹ lára.

Nítorí náà ọsibítù ló kọ́kọ́ kan ẹni tó bá rí bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ló kan ẹgbẹ́. Ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ UNIMED wà ní Àkúrẹ́ àti nílùú Oǹdó, Federal Medical Centre wà ní Ọ̀wọ̀, ọsibítù ìjọba fún àìsàn ọpọlọ wà ní Àkúrẹ́ náà, tí ọ̀rọ̀ bá le jù, Arò ní Abẹ́òkúta ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tí oògùn àti ọtí ti di bárakú fún. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ sọ iye tí ẹ ń mu gan-an, ẹ má dín in kù torí ìtìjú, ẹni tó jẹ́ ọtí inú ọ̀rá ló ń mu, kó ka ọ̀rá náà, torí iye yẹn ni wọ́n á fi mọ irú ìtọ́jú tó yẹ. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ yan ọ̀kan nínú ọsibítù àti ẹgbẹ́. Ọsibítù á bá ara yín wá ọ̀nà àbáyọ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ilé ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní rehab á gbà yín sílé fún oṣù mélòó kan tí owó bá wà, àmọ́ ní ọjọ́ tí ẹ bá padà sílé tí ọ̀rẹ́ yín ní Òkè-Àró pè pé ẹ̀gbọ́n, ẹmu tuntun ti dé o, dókítà ò sí níbẹ̀. Ẹni tí ẹ lè pè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ẹgbẹ́ ń fún yín.

Ẹni tí kò mọ̀ bóyá tòun ti tó kóun lọ, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin tí àwọn dókítà máa ń béèrè. Ṣé ẹ ti rò ó rí pé ó yẹ kí ẹ dín ọtí kù? Ṣé inú ti bí yín rí sí ẹni tó bá yín wí lórí ọtí? Ṣé ọkàn yín ti dá yín lẹ́bi rí nípa bí ẹ ṣe ń mu? Ṣé ẹ ti mu ún láàárọ̀ rí, ní kété tí ẹ jí, kí ara lè balẹ̀? Tí bẹ́ẹ̀ ni bá ti di méjì, ẹ lọ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀.

Báwo wá ni ẹ ṣe máa rí i láti Àkúrẹ́? Ẹ wọ aa.org, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Find A.A. sí, ẹ mú Nàìjíríà, wọ́n á fún yín ní ọ̀nà tí ẹ máa fi kàn sí àwọn ti ilé wa, ẹ pè wọ́n tàbí ẹ kọ ímeèlì, ẹ bi wọ́n pé mítìn wo ló sún mọ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹ má kàn gbáralé àdírẹ́sì tí ẹ rí lórí fóònù kí ẹ wá wọ ọkọ̀ lọ láìpè, mítìn máa ń yí ibi padà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè ní ẹ̀ka àìsàn ọpọlọ ní ọsibítù ńlá, pàápàá lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní social worker, àwọn ló sábà máa ń mọ ẹgbẹ́ tó wà àti èyí tó ti kú. NDLEA náà ní laini ọ̀fẹ́, 0800 1020 3040, wọn ò wá mú yín o, ẹ lè bi wọ́n níbi tí ìtọ́jú wà nítòsí yín.

Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ló rọrùn jù fún ọ̀pọ̀ wa, àní mo rò pé ibẹ̀ ló yẹ kí ẹni tó wà ní Ìdànrè tàbí Iléolújì ti bẹ̀rẹ̀. AA ní ojú ìwé kan, aa-intergroup.org, tí wọ́n to mítìn orí Zoom àti orí tẹlifóònù sí, ọ̀sán òru ni wọ́n ń ṣe é. Ẹ pa fídíò, dátà ò ní lọ púpọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa rí ojú yín. Ẹ ṣọ́ aago o: tí wọ́n bá kọ aago méje alẹ́ ti New York, tiwa ti di aago méjìlá òru tàbí aago kan òru, bí àsìkò bá ṣe rí lọ́dọ̀ wọn. Ti London ló sún mọ́ tiwa jù, nígbà ooru wọn aago wa dọ́gba, nígbà òtútù a fi wákàtí kan ṣíwájú wọn. Èdè Òyìnbó ni wọ́n máa ń sọ, ẹni tí kò bá gbọ́ ọ dáadáa lè ní kí ọmọ tàbí àbúrò jókòó tì í, tó bá jẹ́ mítìn ìta gbangba.

Ìyẹn ni ohun kan tó máa ń da èèyàn láàmú: mítìn tí wọ́n kọ open sí, ẹnikẹ́ni lè wá jókòó, ìyàwó, ọkọ, ọmọ, akẹ́kọ̀ọ́. Èyí tí wọ́n kọ closed sí, ẹni tó ní ìṣòro ọtí tó sì fẹ́ jáwọ́ nìkan ni. Tí ẹ bá débẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tó bá wù yín, tí wọ́n bá ní kí ẹ sọ̀rọ̀ ẹ lè ní "màá kàn gbọ́ lónìí," kò sẹ́ni tó máa bínú. Kí ẹ tó kúrò, ẹ gba nọ́ńbà ẹni kan tàbí méjì. Bó bá yá, ẹ máa wá ẹnì kan tó ti pẹ́ níbẹ̀ tó máa máa tẹ̀lé yín lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀, sponsor ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì máa ń gba èèyàn níyànjú kí ọkùnrin mú ọkùnrin, kí obìnrin mú obìnrin. Ẹ̀yin obìnrin, mo mọ̀ pé ìtìjú tiyín jù, torí nílùú yìí ọkùnrin tó ń mu ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá, obìnrin tó ń mu ni wọ́n ń bú, mítìn obìnrin nìkan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá a. Ẹ má fi mítìn kan ṣoṣo dájọ́, ẹ dé bíi mẹ́fà kí ẹ tó ní kò bá yín mu. Tí ẹ bá sì padà mu lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ padà lọ, wọn ò ní lé yín, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó síbẹ̀ ló ti ṣubú rí.

Ẹ sá fún ẹni tó bá ní kí ẹ san owó ìforúkọsílẹ̀ kí ẹ tó wọ mítìn, tàbí tó ń ta àgbo ìjáwọ́-ọtí níbẹ̀, tàbí tó ní àwọn ń fi ṣéènì de èèyàn tàbí ń nà wọ́n kí ọtí lè jáde. Láti oṣù kìíní 2023 ni ààrẹ ti buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní Nàìjíríà, òfin náà sì dá ẹ̀tọ́ aláìsàn mọ̀. Ẹni tí ọtí di bárakú fún ò ṣẹ̀, àìsàn ló ń ṣe é.

Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ka èyí torí ẹlòmíì, ẹ má bu oògùn sínú ọbẹ̀ ẹni tó ń mu láìjẹ́ pé ó mọ̀. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ disulfiram, tí dókítà máa ń fún ẹni tó gbà láti lò ó, tí èèyàn bá mutí lé e lórí á máa bì, ojú ẹ̀ á pọ́n, àyà ẹ̀ á máa já, ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò lágbára lè kú síbẹ̀. Ẹ má sì da gbogbo ọtí ẹni tó ń mu lójoojúmọ́ nù lálẹ́ kan, mo ti sọ ìdí ẹ̀ lókè. Ẹgbẹ́ tiyín náà wà, Al-Anon, láti 1951 ló ti wà, ti àwọn tó ń gbé pẹ̀lú ọlọ́tí ni, ẹ lè lọ bí ẹni náà ò bá tiẹ̀ fẹ́ jáwọ́, torí ẹ̀yin náà ń sùn láìsùn.

Tí ẹ bá wá wádìí títí tí kò sí mítìn tó sún mọ́ yín, ẹ rántí Bill àti Bob, ẹni méjì péré ni wọ́n. AA fúnra wọn ní ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó bá péjọ torí kí wọ́n má mutí lè pe ara wọn ní ẹgbẹ́ AA. Ẹ wá ẹnì kejì, bóyá ẹni tí ẹ jọ wà ní wọ́ọ̀dù ọsibítù, bóyá ẹni tí social worker so yín pọ̀ mọ́. Ẹ wá yàrá kan, kíláàsì ilé ìwé tàbí gbọ̀ngàn tí kò sí bàá ní ìtòsí ẹ̀, ẹ san owó díẹ̀ fún un kódà tí wọ́n bá fẹ́ fi fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, kó má baà di ti ṣọ́ọ̀ṣì kan tàbí ti ẹnì kan. Ẹ kọ̀wé sí AA kí wọ́n kọ yín sínú ìwé wọn. Ẹ mú ọjọ́ kan àti aago kan, kí ẹ má sì yí i, bí òjò rọ̀, bí ẹ̀yin méjì nìkan lẹ wá, ẹ ṣí ilẹ̀kùn ní aago tí ẹ dá, torí ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Ìjù wá fún ìgbà àkọ́kọ́ tó bá ilẹ̀kùn ní títì, ó lè má wá mọ́.